Ohun Tó Bá Ẹran Ọlọ́ràá Mu

Ẹyẹ náà ti bu ọmọ-ọmọ mi jẹ lẹ́sẹ̀ kí n tó mọ ohun tó bá wá sílé mi. Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà ìlú Botro ló gbé e wá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti so ó lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e sínú agbọ̀n, ó na ọrùn gígùn síta, ó ń wò wá bí orogún tó ń wá ìjà. Àwọn Faransé ń pè é ní oie. Èmi ò rí irú rẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn-gígùn ni mo pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí ó fi wọ ìkòkò. Awakọ̀ ní bàbá kan ní Botro ló ní kí òun gbé e fún mi, pé bàbá náà ń bọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé kí n sè é kí a jọ jẹ ẹ́.

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Ó ní kí ẹ di ẹrù ọmọ."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Mo dúró síwájú ilé mi ní Nimbo, àdúgbò wa ní Bouaké, pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́, ọmọ ń sunkún ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹyẹ ń pariwo, orí mi sì ń hó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí ọmọ yìí ni bàbá Botro, ọmọ ẹ̀yà Baulé, òun sì ni olórí ẹbí wọn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí ló fẹ́ àbúrò rẹ̀. Ibà ọjọ́ díẹ̀ ló mú ọmọ mi lọ, nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì mí, a jọ sunkún, a jọ ń dáná. Nígbà tó yá, ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ sí Abidjan, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ geere nígbà yẹn, ó máa ń bá ìyá rẹ̀ jókòó nídìí ààrò. Láti ìgbà náà, èmi ni ìyá, èmi ni bàbá. Èmi ni mò ń di irun rẹ̀, èmi ni mò ń mú un lọ sí ìjọ, èmi náà ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ilé-ìwé bá ti jáde. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ mi. Ó ní ojú bàbá rẹ̀. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, bí ọmọ mi ṣe máa ń ṣe gan-an. Wàyí o, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti padà dé Botro, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ojú ń tì í láti wá bá mi, ó rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ò sì tíì sọ nǹkan kan fún ọmọ.

Ní tiwa, ilé bàbá ló ni ọmọ. Ní ti Baulé, ilé ìyá ni. Mo ti gbé Bouaké tó ẹni tó mọ̀ pé tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ẹnikẹ́ni, wọn ò ní gbè mí. Kí ló wá kù? Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò. Èmi ò ní ọ̀rọ̀ rere. Ẹnu mi burú, gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Ọbẹ̀ ni mo ní. Mo ní tó bá jẹ́ oúnjẹ la fi ń bẹ èèyàn, n ó bẹ ọkùnrin yìí débi pé á fi ọmọ náà sílẹ̀ fún mi.

Ẹ wò ó, èròjà ọbẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Òun ni mò ń tà lọ́jà láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà láyé: atalẹ̀, aáyù, ata gbígbẹ, ata iyèré, irú tí àwọn Júlà, oníṣòwò ará àríwá, ń pè ní súńbárà, òdòdó ìṣápá, àjàgbọn, àti akpi. Akpi yẹn, èso funfun wẹ́wẹ́ kan ni, àwọn ará ibí máa ń yan án lórí iná kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo agboolé. Mò ń tà á lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó ọmọ mi ti lọ, kò sí ẹni tó ń sè é nílé mi mọ́. Òun ló ń sè é. Ta ni mo tún fẹ́ sè é fún?

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà lọ sọ́jà. Obìnrin Júlà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀tá mi ni, ó sinmi lórí bí ọjà bá ṣe rí. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán tó ti ní, "Irú ni kẹ́ ẹ fi sè é, ẹ̀gbọ́n. Kí ni irú ò bá mu?"

Mo ní, "Ẹran yẹn ní òórùn tirẹ̀. Tó o bá kó alágídí méjì sínú ilé kan ṣoṣo, ta ni yóò máa là wọ́n?"

"Ẹ̀pà ńkọ́?"

"Ọ̀rá lórí ọ̀rá! Ṣé ọṣẹ ni mo fẹ́ sè ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó ti ọjà mi, mò ń rò ó bí ẹni tó ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀. N kò sè pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn-gígùn rí, ṣùgbọ́n mo ti sè pẹ́pẹ́yẹ lásán, mo sì ti fọwọ́ tẹ abẹ́ ìyẹ́ eléyìí. Ọ̀rá ibẹ̀ nípọn. Ẹran dúdú tó lọ́ràá, tí o bá sè é bí adìyẹ, ìwọ̀nba ni wàá jẹ tí yóò fi sú ọ, ẹnu rẹ á máa yọ̀ bọ̀lọ̀, o ò sì ní fẹ́ rí i mọ́. Ohun kíkan ni ọ̀rá ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun kíkan kọ́ ló yẹ ẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń kan dáadáa, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ kì í dúró de iná, kó o tó sọ ìkòkò kalẹ̀ ó ti sá lọ. Tòmátì ò lágbára tó. Ìṣápá á pọ́n ọbẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀, ta ló fẹ́ gbé irú ìyẹn síwájú àlejò tó wá gba ọmọ? Àjàgbọn ló ṣẹ́kù. Àjàgbọn ń kan, ó tún dùn díẹ̀ lábẹ́, kì í sì í sá fún iná. Mo bù ú sínú àpò kan. Mo mú atalẹ̀ àti aáyù fún òórùn ẹran, mo mú ata iyèré nítorí pé ẹran dúdú fẹ́ràn ata tó ń jóni díẹ̀díẹ̀ lọ́fun ju èyí tó ń gbáni létí lọ.

Gbogbo ìyẹn, ọbẹ̀ tèmi ni. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́? Ọkùnrin Baulé ni mo fẹ́ fi rọ̀. Mo wo abọ́ akpi tó wà níwájú mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dà á lé àwọn tó kù.

Ọ̀rẹ́ mi rí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin? Akpi? Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n sè?"

"Ìwọ, jókòó síbẹ̀ kó o ta ẹja rẹ."

Ó ku ohun mímu. Ohun tó bá ti wà nínú ọbẹ̀, kì í tún sí nínú ife, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ. Níwọ̀n bí àjàgbọn ti gba inú ìkòkò, ìṣápá ni mo yàn fún ife, kí n sè é, kí n fi ewé míńtì sí i, kí n má fi ṣúgà sí i rárá, torí ohun dídùn lórí ẹran ọlọ́ràá, inú ríru ló ń fà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wá láti Botro kò ní wá mu omi òdòdó. Ẹmu ni yóò máa retí. Bẹ́ẹ̀, ilé mi kọ́ ni wọ́n ti ń mu ẹmu. Diákónì ni ọkọ mi títí ó fi kú. Ọtí kò wọ ilé wa rí, àní nígbà tí a ń gbéyàwó fún ọmọ wa, mínérà la fi ṣe àwọn àna lálejò, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú.

Mo lọ ra ẹmu. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo lọ rà á. Mo sì mọ irú èyí tí n ó rà bí n kò tilẹ̀ fẹnu kàn án rí, torí imú mi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálẹ̀ dùn bí omi ṣúgà, kò lè ko ọ̀rá lójú. Èyí tó bá sùn ló máa ń kan. Mo rà á lọ́jọ́ Ẹtì kó lè kan di Sátidé. Mo fi ìborùn mi wé kẹ́ẹ̀gì ẹmu náà, tí wọ́n ń pè ní bídọ̀n, mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ń hó, ó ń ṣe fìììì lẹ́nu ìdérí. Àfi bí mo ṣe yọjú sí ìkóríta Nimbo, ta ni mo rí? Arábìnrin ẹgbẹ́ akọrin wa.

"Ẹ káàbọ̀ látọjà o, Màmá! Kí lẹ gbé bí ọmọ ìkókó báyìí?"

"Òróró ni."

"Òróró ló ń hó?"

"Òróró tuntun ni," mo ní kí ọlọ́kadà máa lọ. Nígbà tí mo délé, mo wo fọ́tò ọkọ mi lára ògiri, mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ-ọmọ yín ni." Mo gbé bídọ̀n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, kò wọlé.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọlọ́kadà àdúgbò ló bá mi pa ẹyẹ náà. Ọmọ ò sunkún. Ó na ẹsẹ̀ tí ẹyẹ bù jẹ síwájú, ó ní, "Ó tọ́ sí i." Mo tú ìyẹ́ títí apá fi ń ro mí. Mo gé ọ̀rá kúrò, mo yọ́ ọ lórí iná jẹ́jẹ́, ó mọ́ roro, mo dà á sínú ìgò, mo fi ìyókù din dòdò, dòdò náà sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọmọ ń jí i jẹ, mò ń gbá a lọ́wọ́. Mo fi atalẹ̀ àti aáyù pa ẹran lára, mo bò ó kí ó mu ún dáadáa. Mo gún iyán, tí wọ́n ń pè ní fùtù níbí. Mo rẹ àjàgbọn sínú omi, mo sẹ́ ẹ, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ìgbà tí ẹran bá ti rọ̀ ni wọ́n ń dà á sí i. Tó o bá dà á ṣáájú, ẹran á le koko, kò ní rọ̀ mọ́.

Ìkẹyìn ni mo yan akpi. Bó ṣe kan agbada gbígbóná báyìí, òórùn rẹ̀ gbòde. Mò ń rò ó, mi ò gbójú sókè. Nígbà tí n ó fi wẹ̀yìn, ọmọ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ń fa òórùn náà símú.

"Màmá àgbà, kí ni yẹn?"

"Akpi ni."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O mọ̀ ọ́n níbo? Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ, àlejò ń bọ̀."

Kò lọ. Ó wá jókòó sórí àpótí kékeré tó wà nídìí ààrò, ibi tí kò jókòó sí tipẹ́, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Èmi, àjàgbọn ló wà lọ́kàn mi, pé kí ó má pọ̀ jù.

Bàbá náà dé lẹ́yìn tí oòrùn ti yí. Èèyàn gíga ni, ẹni jẹ́jẹ́, ó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Inú mi ìbá dùn ká ní ó jẹ́ òṣìkà, kí n lè bá a jà. Tọ́ntọ̀n, bí Faransé ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá, ni ọmọ ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni mo pè é. Júlà la jọ ń sọ, tí Júlà bá tán a bọ́ sí Faransé. Mo gbé omi fún un. Nígbà tó mu ún tán, mo bèèrè ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe níbí, torí àlejò kì í sọ ohun tó bá wá títí onílé yóò fi bèèrè. Ó ní àlàáfíà ni, pé ilé wà, pé òun wá rí ọmọ àwọn. "Ọmọ wa," ló sọ. Ó wò mí, ó wá tún un ṣe, ó ní, "Ọmọ gbogbo wa."

Mo ní ẹ jẹ́ ká jẹun ná. Mo nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní, "Ẹmu wà níbẹ̀ o, Tọ́ntọ̀n. Ó ti kan, ẹran yìí ló ń fẹ́ ẹ."

Ó mirí. Ó ní dókítà ti gba ọtí lẹ́nu òun nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Áà! Èmi tí mo ti purọ́ fún arábìnrin ìjọ! Ó na ọwọ́ sí ìṣápá, ó bèèrè bóyá ṣúgà wà nínú rẹ̀. Mo ní kò sí rárá. Ó mu ún, ó bu òkèlè, ó tì í bọ inú ọbẹ̀, ó mú ẹran. Mò ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì.  Ó tún mu ìṣápá. Ó tún bu òkèlè. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, òógùn ti bò ó níwájú orí.

"Ẹ̀yin Anago," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, "ẹ ò mọ̀ ju ọjà lọ, bẹ́ẹ̀ la máa ń sọ. Ta ló kọ́ ọ ní akpi?"

"Mò ń tà á. Ẹni tó ń tà á náà ló yẹ kó mọ̀ ọ́n."

"Èyí ní kíkan nínú. Èmi ni mò ń sin ẹyẹ yìí, mo ti jẹ ẹ́ títí ó fi sú mi. Ọ̀rá rẹ̀ kì í jẹ́ kí n lè jẹ ẹ̀ẹ̀kejì. Kí lo ṣe fún un?"

Mò ń fi ọwọ́ nu ọwọ́. Ó tún jẹ, ó tún jẹ. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó wo ọmọ, ó wo aṣọ rẹ̀ tó mọ́, ó wo irun rẹ̀ tí mo dì láná. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mo ti rí i pé ìyà kankan ò jẹ ọmọ níbí. N ó bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Kí ó máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ, kó máa lọ sí ilé-ìwé. Ó lè máa wá kí wa tí wọ́n bá gba ìsinmi."

Ẹ gbà mí! Mo ti ṣe é! Ọkàn mi fò sókè, mo fẹ́ kúnlẹ̀, mo fẹ́ kọrin. Mo na ọwọ́ láti bù kún ọbẹ̀ rẹ̀, ọbẹ̀ dà sórí aṣọ tábìlì.

Ìgbà náà ni ọmọ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí a ti jókòó, kò tíì jẹ ẹran rẹ̀, ọbẹ̀ ló ń fi ìka tọ́ lá, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé tí wọ́n fún ní oyin. Ó ní, "Màmá mi ló máa ń lọ̀ ọ́. Ó máa ń jẹ́ kí n lá ọmọ ọlọ."

Ó tún fi ìka tọ́ ọbẹ̀ lá.

"Ó máa ń ní kí n má sọ fún Màmá àgbà." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló kọ́kọ́ ṣí. Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí omijé fi bọ́. "Níbo ni màmá mi wà?"

Láti ìgbà tí obìnrin náà ti lọ, ọmọ yìí kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ti gbà pé ó ti gbàgbé. Mo tilẹ̀ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí eékún mi pé ó ti gbàgbé, pé ìrora ti kúrò lára rẹ̀. Bàbá náà wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọbẹ̀ tó dà. Òun ló dáhùn. Ó ní, "Ó wà ní Botro. Ó ti dé. Ó ń retí rẹ."

Ọmọ dìde. Ó lọ sí yàrá, mo gbọ́ bó ṣe ń fa àpótí aṣọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá," ni bàbá náà pè mí. Kò parí rẹ̀. Ohun tó ṣèlérí fún mi ní àìpẹ́ yẹn, kò gbà á padà. Kò nílò láti gbà á padà. Ta ni yóò di ọmọ mú lápá, tí yóò ní kó má lọ bá ìyá rẹ̀? Mo burú, n kò burú tó bẹ́ẹ̀. Mo wọ yàrá, mo bá a di ẹrù náà, mo tún aṣọ tó ká wúruwùru ká dáadáa, mo kó aṣọ ìjọ rẹ̀ sókè kí ó má bàa rún. Mò ń sunkún, òun náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń yá.

Ní ìlú yìí, ẹni tó bá fẹ́ kúrò nílé onílé kì í kàn dìde. Ó gbọ́dọ̀ tọrọ ọ̀nà. Onílé á wá ní ìdajì ọ̀nà ni òun fún un, kó padà wá gba ìdajì tó kù. Ẹni tí wọ́n bá fún ní odidi, wọn ò fẹ́ rí i mọ́ nìyẹn. Ilé-ìwé ni ọmọ yìí ti kọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ di eré láàárín èmi àti òun. Láràárọ̀ tó bá ti gbé àpò kọ́rùn, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Màmá àgbà, mo tọrọ ọ̀nà." Èmi á máa pariwo látinú ilé ìdáná pé, "Ìdajì ni o!"

Bàbá náà kọ́kọ́ tọrọ tirẹ̀, mo fún un ní ìdajì. Ọmọ wá dúró níbi tó máa ń dúró sí. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Màmá àgbà, mo tọrọ ọ̀nà."

 Ó dúró, ó ń wò mí, ẹ̀rù ti ń bà á pé bóyá n kò ní fún un. Mo fipá gbé e jáde. Mo ní, "Ìdajì." Ó sá wá dì mọ́ mi, òórùn akpi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti wọ takisí tó gbé wọn lọ sí ibùdókọ̀ Botro.

Nígbà tí mo padà délé, oúnjẹ ṣì wà lórí tábìlì. N kò lè dà á nù, a kì í da oúnjẹ nù nílé wa. Mo jẹ ẹran náà lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, mo tún jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dùn. Ó dùn ju ọbẹ̀ èyíkéyìí tí mo ti sè láyé mi lọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló bá ara wọn mu. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ń bínú sí i. Ẹmu wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi di ọtí kíkan pátápátá, mo gbé e fún ọlọ́kadà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. Ìgò ọ̀rá wà lórí pẹpẹ, ó ti dì, ó funfun. Lọ́jà, ọ̀rẹ́ mi bi mí bí ẹran ṣe rí. Mo ní ó dáa. Ó bèèrè ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo ní ó lọ kí ìyá rẹ̀. Ó wò mí, ó dìde, ó wá jókòó tì mí lórí àpótí mi, kò sì tajà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọlọ́run á san án fún un.

Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, fóònù dún. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ni. Ohùn ọmọ ló jáde. Ó ti ń fi Baulé sáàárín Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan tí n kò mọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀. Ó ní òun wà dáadáa, ó ní ilé-ìwé wọn ní igi máńgòrò. Mo ní ìgbà wo lo ń bọ̀? Ó ní màmá òun ní ó dìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. 

"Màmá àgbà, Tọ́ntọ̀n pa pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn-gígùn fún wa."

"Ẹ ṣeun. Ṣé ó dùn?"

"Kò dà bí tiyín. Màmá mi fi akpi sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ó sú mi, mi ò lè jẹ ẹ́ tán." Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn tí mo mọ̀, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ọmọ ní, "Màmá mi ní kí n bi yín ohun tí ẹ fi sí tiyín."

Mo wo ìgò ọ̀rá lórí pẹpẹ. Mo ní kó fara balẹ̀ gbọ́. Mo sọ ti atalẹ̀ fún un, mo sọ ti aáyù, pé kí wọ́n fi pa ẹran lára, kí wọ́n bò ó. Mo sọ ti ata iyèré. Mo ní kí wọ́n gé ọ̀rá kúrò, kí wọ́n fi din dòdò. Mo sọ ti ìṣápá tí kò ní ṣúgà. Ó ń tún un sọ fún ìyá rẹ̀ ní Baulé, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó tán, Màmá àgbà?"

N kò dárúkọ àjàgbọn. Ó wà níwájú mi nínú àwo, mo ti ń ṣa kóró rẹ̀ láti àárọ̀.

"Ìdajì nìyẹn," mo ní. "Tó o bá dé, n ó fún ọ ní ìyókù."